Kí ló dé tí ayékòótọ́ tó ń bá yín ṣeré fi bù yín jẹ lójijì? Ìtàn igbó Asante ló lè ṣàlàyé rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọdún mẹ́rin ni ẹyẹ náà ti wà nínú ilé. Ó ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́ ìyá, ó ń pe orúkọ àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń súfèé bíi ti bàbá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá na ọwọ́ sí i bó ṣe máa ń ṣe, ni ẹyẹ bá bu ìka rẹ̀ jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde.

Irú nǹkan báyìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti sin ayékòótọ́ rí, yálà ní Kumasi, ní Ìbàdàn, ní Cotonou tàbí ní London. Ohun tó máa ń tẹ̀lé e náà kò ṣàjèjì. Ẹnìkan á ní ẹyẹ náà ti ya wèrè. Ẹlòmíràn á ní kì í ṣe ojú lásán, ẹyẹ àjẹ́ ni. Wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn, wọ́n á tì í mọ́ ẹ̀yìnkùlé, tàbí kí wọ́n kúkú pa á.

Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹyẹ náà kò yí padà. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni ibi tó ti wá, bó ṣe ń gbé níbẹ̀, àti ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó fi í sínú àgò. Ìtàn yẹn gùn, apá pàtàkì nínú rẹ̀ sì ṣẹlẹ̀ nínú igbó gúúsù Ghana, níbi tí Kumasi wà.

Ẹyẹ tí Yorùbá àti Akan jọ ń bọlá fún

Yorùbá ní orúkọ tó ju ẹyọ kan lọ fún ẹyẹ yìí. Odídẹrẹ́ ni, odídẹ ni, ayékòótọ́ sì ni. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n wà nínú orúkọ ìkẹyìn yìí: ẹyẹ tó bá gbọ́ nǹkan á tún un sọ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú, bẹ́ẹ̀ ayé kò fẹ́ òtítọ́. Ìlú Ìwó ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń fi ẹyẹ náà yangàn, ilé odídẹrẹ́ ni wọ́n sì ń pe ìlú wọn.

Ìyẹ́ pupa tó wà ní ìrù rẹ̀, tí à ń pè ní ìkóóde, jẹ́ ohun iyebíye nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ń lò ó lára adé ọba, wọ́n sì ń fi í síwájú orí ìyàwó òrìṣà. Nígbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Brazil, ìmọ̀ náà bá wọn lọ. Títí di òní, àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé níbẹ̀ ṣì ń lo ìyẹ́ yìí, 'ekodidé' ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ lọ́dọ̀ àwọn Asante àti àwọn Akan yòókù. Wọ́n pín sí ìdílé tí wọ́n ń jogún láti ọ̀dọ̀ ìyá, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní ẹranko tàbí ẹyẹ tó jẹ́ àmì rẹ̀. Àwòdì ni ti ìdílé Oyoko, níbi tí Asantehene ti ń wá. Ayékòótọ́, tí wọ́n ń pè ní 'ako' ní èdè Twi, ni ti ìdílé Agona.

Inú ìdílé Agona yìí ni àwọn ọba Denkyira ti ń wá. Àwọn ni wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Asante, kí Osei Tutu tó ṣẹ́gun wọn ní Feyiase lọ́dún 1701. Fún àwọn Akan, ayékòótọ́ ń tọ́ka sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Bí ẹyẹ igbó ṣe di ẹyẹ inú yàrá

Láti ìgbà tí ọkọ̀ àwọn Potogí ti dé etíkun Guinea láàárín ọdún 1400 sí 1500 ni ayékòótọ́ ti ń bá góòlù àti eyín erin lọ sí Yúróòpù. Lọ́dún 1482, wọ́n kọ́ odi Elmina sí etíkun tó di ti Ghana lónìí. Ẹyẹ tó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn wá di ohun àfihàn láàfin àwọn ọba òyìnbó.

Ọ̀kan nínú irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní London. Lọ́dún 1702, ọdún kan péré lẹ́yìn ogun Feyiase, Frances Stuart tó jẹ́ Duchess of Richmond jáde láyé. Wọ́n ní ogójì ọdún ni ayékòótọ́ rẹ̀ fi bá a gbé, tí ẹyẹ náà sì kú ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tọ́jú òkú ẹyẹ náà kó má bàa jẹrà, ó sì wà ní Westminster Abbey títí di òní. Ẹyẹ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni.

Ní Amẹ́ríkà, ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa ìsìnkú Andrew Jackson, ààrẹ orílẹ̀-èdè náà nígbà kan, lọ́dún 1845 ni pé èébú tí ayékòótọ́ rẹ̀ ń bú pọ̀ débi tí wọ́n fi gbé e jáde kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Àmọ́ ẹ ro ó wò: ẹyẹ tí ọ̀gá rẹ̀ kú, tí èrò rẹpẹtẹ tí kò mọ̀ rí sì ya wọlé, kí la retí pé kó ṣe?

Ní ayé ìgbà yẹn, olówó nìkan ló ń ra ayékòótọ́. Ọkọ̀ òfurufú ló yí ọ̀rọ̀ padà. Láàárín ọdún 1982 sí 2001 nìkan, ó lé ní 600,000 ayékòótọ́ tí wọ́n mú láàyè nínú igbó Áfíríkà tí wọ́n sì tà sọ́jà àgbáyé. Iye tí àwọn ìjọba kọ sílẹ̀ nìyẹn. Èyí tí wọ́n fi fàyàwọ́ gbé kò sí níbẹ̀, èyí tó kú kó tó dé pápákọ̀ òfurufú náà kò sí níbẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ nira. Àwọn kan á fi àtè, ìyẹn oje igi tó ń lẹ̀, sí ẹ̀ka tí ẹyẹ máa ń bà lé. Wọ́n á so ẹyẹ kan tí wọ́n ti mú tẹ́lẹ̀ mọ́ tòsí, kí igbe rẹ̀ lè pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Àwọn mìíràn á gun igi gíga lọ kó ọmọ ẹyẹ nínú ihò. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gé ìyẹ́ apá wọn, wọ́n á sì kó ọ̀pọ̀ pọ̀ sínú àpótí kan ṣoṣo.

Ohun tí ẹyẹ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ nípa ọwọ́ ènìyàn nìyẹn.

Igbó tó dákẹ́

Lọ́dún 1992, àjọ CITES tó ń mójú tó òwò ẹranko àti igi tó lè parun mú kí wọ́n ṣèwádìí nípa ayékòótọ́ ní Ghana. Nígbà yẹn, àwọn ibì kan wà nínú igbó tí 700 sí 1,200 ẹyẹ ti ń kóra jọ lálẹ́ láti sùn. Ariwo wọn nírọ̀lẹ́ kì í ṣe ohun tí ará abúlé lè ṣàìgbọ́.

Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ tí Nathaniel Annorbah, ọmọ Ghana, ṣáájú wọn padà síbẹ̀. Wọ́n lọ sí mẹ́ta nínú àwọn ibùsùn tí ẹgbẹ̀rún ẹyẹ ti ń sùn tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀nba ẹyẹ díẹ̀ ni wọ́n rí nítòsí ibẹ̀. Wọn kò rí ibùsùn kankan tí ẹyẹ ṣì ń lò.

Nínú àbájáde ìwádìí wọn tó jáde lọ́dún 2016, wọ́n ní iye ayékòótọ́ ní Ghana ti fi ìdá 90 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láti ọdún 1992. Ohun méjì ni wọ́n dá lẹ́bi: òwò ẹyẹ, àti bí wọ́n ṣe ń gé àwọn igi ńlá bíi àràbà àti afárá, irú igi tí ẹyẹ yìí nílò, nínú igbó àti nínú oko.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016 kan náà, ìpàdé CITES tó wáyé ní Johannesburg fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fòfin de títa ayékòótọ́ tí wọ́n mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kínní ọdún 2017. Amẹ́ríkà ti ṣòfin tirẹ̀ lórí kíkó ẹyẹ igbó wọlé láti ọdún 1992. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù dá a dúró lọ́dún 2005 nítorí àrùn lukulúkù ẹyẹ, kí wọ́n tó fòfin dè é pátápátá lọ́dún 2007.

Kí ni èyí kan ìka yín tó ń ṣẹ̀jẹ̀?

Ó kàn án gidi. Nínú igbó, ayékòótọ́ kì í ṣe oníjà. Ẹyẹ ẹlẹ́gbẹ́ ni, àwòdì sì wà lára ohun tó ń pa á jẹ. Tí ẹ̀rù bá bà á, fífò ló máa ń fò lọ. Ìyẹ́ apá rẹ̀ ni ààbò rẹ̀.

Nínú ilé, a gé ìyẹ́ yẹn, a sì ti ilẹ̀kùn àgò. Kò síbi tó lè sá sí mọ́. Ẹnu nìkan ló kù fún un.

Ẹ tún rántí pé ajá àti adìẹ ti bá ènìyàn gbé fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ayékòótọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Kódà èyí tí wọ́n pa lẹ́yin nínú àgò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú igbó ni wọ́n ti mú ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ìyá rẹ̀. Ara rẹ̀ ṣì ń ṣe bíi ti ẹyẹ igbó.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní ìbínú òjijì fi ní àlàyé:

Ó ti dàgbà. Láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ayékòótọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹnìkejì tí wọn yóò jọ pamọ. Tí kò bá rí ẹyẹ bíi tirẹ̀, ó lè yan ènìyàn kan nínú ilé, kó sì máa lé àwọn yòókù bí orogún. Ó tún lè máa ṣọ́ àgò rẹ̀ tàbí abẹ́ àga kan bí ẹni ń ṣọ́ ihò ìtẹ́. Èyí ló máa ń ya àwọn tó ń sin ín lẹ́nu jù, torí ọmọ ẹyẹ tútù ni wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ara rẹ̀ kò yá. Nínú igbó, ẹyẹ tó bá fi àìsàn hàn ni àwòdì máa ń kọ́kọ́ gbé. Nítorí náà ayékòótọ́ máa ń fi ìrora pamọ́ títí kò fi ní lè pa á mọ́ra mọ́. Ìjẹni lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ tí ẹ máa rí.

Kò rí oorun sùn. Nílẹ̀ wa, òru tó nǹkan bíi wákàtí méjìlá, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹyẹ yìí ṣe mọ̀ ọ́n. Àmọ́ tí àgò rẹ̀ bá wà ní pálọ̀, tẹlifíṣọ̀n á máa ké títí di ọ̀gànjọ́. Tí iná bá lọ, tàbí tí 'dumsor' bá dé bí àwọn ará Ghana ṣe máa ń wí, jẹnẹrétọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan yí padà. Ọmọ tuntun, àlejò, àga tí ẹ gbé síbòmíràn, fìlà tí kò rí rí: gbogbo rẹ̀ lè bà á lẹ́rù.

Àwa la kọ́ ọ. Lọ́dún 2020, ọgbà ẹranko kan ní Lincolnshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ayékòótọ́ márùn-ún láti ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n kó wọn síbì kan náà, àfi bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bú èébú. Bí àwọn èèyàn bá ṣe ń rẹ́rìn-ín ni wọ́n túbọ̀ ń bú wọn, títí wọ́n fi ya àwọn ẹyẹ náà sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjẹni rí. Tó bá bù yín jẹ, tí ẹ lọgun tí ẹ sì sá sẹ́yìn, ó ti kọ́ pé ẹnu òun ṣiṣẹ́.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà ẹranko, pàápàá tí ìwà náà bá dé lójijì. Ẹ wò ó bóyá ó ń ran ìyẹ́ rẹ̀ sókè bí ẹni tí òtútù ń mú, bóyá ìsàlẹ̀ àgò ló ń jókòó sí, bóyá ìgbẹ́ rẹ̀ ti yàtọ̀, tàbí ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sódò tó bá ń mí. Ní Kumasi, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko wà ní yunifásítì KNUST.

Ẹ wo oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀pà lásán kò tó. Èròjà kálísíọ̀mù tí kò tó máa ń yọ ayékòótọ́ lẹ́nu ju ọ̀pọ̀ ẹyẹ lọ, ó sì lè fa ìwárìrì àti gìrì. Ẹ fún un ní ẹ̀fọ́, kárọ́ọ̀tì, ìbẹ́pẹ àti àgbàdo tútù, kí ẹ sì jẹ́ kó máa rí oòrùn àárọ̀. Ẹ má fún un ní píà tàbí ṣokoléètì, májèlé ni wọ́n jẹ́ fún un.

Tó bá bù yín jẹ, ẹ má pariwo, ẹ má nà án, ẹ má sì gbá a lẹ́nu. Ẹ rọra gbé e kalẹ̀, kí ẹ kúrò níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìyà kò lè kọ́ ọ ní nǹkan kan ju pé òótọ́ ni ọwọ́ yín léwu.

Ẹ kọ́ èdè ara rẹ̀. Ẹyẹ kì í ṣàdédé jẹni. Ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ á dìde, ẹyinjú rẹ̀ á máa fẹ̀ á máa kéré, ara rẹ̀ á le, á tẹ̀ síwájú tàbí kó fà sẹ́yìn. Tí ẹ bá rí èyí, ẹ dá ọwọ́ dúró. Tó bá rí i pé ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ òun, kò ní nílò láti jẹ yín.

Ẹ má na ọwọ́ sí i látòkè, bẹ́ẹ̀ ni àwòdì ṣe ń wá. Ẹ gbé ọwọ́ wá láti ìsàlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àyà rẹ̀, kó fúnra rẹ̀ gun orí rẹ̀. Tí ẹ̀rù bá ń ba ẹ̀yin gan-an, ẹ lo ọ̀pá kékeré dípò ìka. Tó bá gùn ún, ẹ fún un ní ohun tó fẹ́ràn jù lójú ẹsẹ̀.

Tó bá jẹ́ àkókò ìpamọ ni, orí àti ọrùn nìkan ni kí ẹ máa fọwọ́ pa. Ẹ̀yìn àti abẹ́ apá jẹ́ ibi tí ẹnìkejì rẹ̀ nìkan ń fọwọ́ kàn. Ẹ kó àpótí àti ihò dúdú kúrò ní sàkání rẹ̀. Kí gbogbo ará ilé máa fún un lóúnjẹ, kó má jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kó sùn. Ẹ gbé àgò lọ síbi tó dákẹ́ tó sì ṣókùnkùn láti nǹkan bí aago méje alẹ́. Lọ́sàn-án, ẹ fún un ní igi tó lè máa gé jẹ, ẹ sì fi oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ sínú ewé tàbí ṣáká àgbàdo kó máa wá a. Nínú igbó, wíwá oúnjẹ ni iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò dáadáa, tó bá jìn kí ẹ lọ sílé ìwòsàn. Dìgbòlugi kì í ṣe àìsàn ẹyẹ, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já yín láyà. Àmọ́ ayékòótọ́ tó ń ṣàìsàn lè kó àrùn kan tí wọ́n ń pè ní psittacosis ran ènìyàn, tó máa ń dà bí ibà àti ikọ́. Tí ará ilé kan bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún dókítà pé ẹyẹ wà nílé.

"Mo fẹ́ padà"

Ayékòótọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni Alex. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, Irene Pepperberg, rà á nílé ìtajà kan ní Chicago lọ́dún 1977. Fún ọgbọ̀n ọdún, wọ́n jọ ṣiṣẹ́ títí Alex fi mọ àwọ̀, ìrísí nǹkan, àti òǹkà títí dé mẹ́fà.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó máa ń gbà láti ṣiṣẹ́. Tó bá sú u, á mọ̀ọ́mọ̀ fèsì òdì, tàbí kó sọ pé òun fẹ́ padà sínú àgò òun. Wọ́n á sì dá a padà. Alex kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, ọmọ ọdún 31 ni.

Ayékòótọ́ tó wà nílé yín lè má mọ ọ̀rọ̀ yẹn sọ. Ẹnu tó fi bù yín jẹ ló fi ń sọ ọ́.

Ẹ má tú u sígbó, ẹ má sì ra òmíràn nínú igbó

Àwọn kan máa ń rò pé tí ẹyẹ bá ti le koko, kí àwọn tú u sílẹ̀ ló dára. Ẹyẹ tó ti pẹ́ nínú àgò kò mọ oúnjẹ wá, kò mọ àwòdì, ó sì lè kó àrùn ran ìwọ̀nba tó kù nínú igbó. Tí ẹ kò bá lè tọ́jú rẹ̀ mọ́, àwọn tó ń mójú tó ẹranko igbó lábẹ́ Forestry Commission ló yẹ kí ẹ kàn sí ní Ghana. Ní Nàìjíríà, ẹ lè kàn sí àjọ NESREA.

Tí ẹnìkan bá sì gbé ọmọ ayékòótọ́ wá tà fún yín lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ rántí àwọn ibùsùn tí ẹgbẹ̀rún ẹyẹ ti ń sùn rí.

Àdúrà kan wà tí Yorùbá máa ń gbà fún ẹni tó bá ń lọ sájò: odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Ó dájú pé ọ̀pọ̀ Yorùbá ní Kumasi gbà á ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn. Wọ́n mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n fa èèyàn tu lójijì kúrò níbi tó mọ̀.

Odídẹrẹ́ tí à ń fi ṣàdúrà ti ń kú lóko ìwájẹ. Èyí tó kù nínú àgò lọ́dọ̀ yín lè lo ogójì ọdún sí i láyé. Tó bá na ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ sí yín lọ́la, ẹ dá ọwọ́ dúró díẹ̀.